Hẹ̀rẹ̀-huru Ará Ilé

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò mọ kódìn, wọn kò mọ tramadol, kolorádò kò tíì dé ìgboro nígbà ayé wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé tí oorun ti sá kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Magboro, Ibafo tàbí Mowe mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí. Bàbá ti jáde láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kí gosiló ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn má bàa ká a mọ́, ìyá ti tẹ̀ lé e, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ tó parí ìwé mẹ́wàá tí kò tíì ríṣẹ́ ló kù nílé. Kí òbí tó fura, ìgò omi ikọ́ ti kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ti ilé ẹnì kan. Ìwádìí lórí oògùn olóró ní Nàìjíríà tí àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé gbé jáde fún ọdún 2018 fi hàn pé ẹni mílíọ̀nù 14.3, láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lò ó láàárín ọdún kan. Tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù ló ga jù: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tó ń lò ó ló ti di àìsàn sí lára. Wọn kò ka ọtí mọ́ ọn o, bẹ́ẹ̀ a mọ iye ọtí inú ọ̀rá tó ń wọlé sọ́fun ní gáréèjì kí oòrùn tó là.

Ẹni tó ń sáré nínú ẹ̀gún kì í sáré lásán. Bí kò lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí òbí tàbí aya tó ń wá olùtọ́jú mú dání kó tó jáde nílé. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń wá ni ẹni tí yóò já oògùn gbà lọ́wọ́ ọmọ, bí ìgbà tí a bá já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ ọmọdé. A kì í béèrè ohun tó ń lé e. Ọ̀dọ́kùnrin kan lè wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni oorun kọ̀ láti kùn ún mọ́, kó tó gbọ́ orúkọ oògùn oorun Rohypnol rárá. Awakọ̀ tó ń ná Berger láti ìdájí di alẹ́, ara ríro ló gbé e dé ìdí tramadol. Òmíràn, igbó ló kọ́kọ́ mu, kí ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Èwo ló ṣáájú? Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló máa fi ìbéèrè tú u wò, kì í ṣe ará àdúgbò.

A kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ká gba igbó lọ́wọ́ ọmọ ká má tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì tó ń bá a fínra, kò ní pẹ́ tó fi máa padà sídìí rẹ̀. Ká máa fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì láì bi í léèrè ohun tó ń mu, oògùn àti ọtí á máa bá ara wọn jà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi olùtọ́jú jẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa tọ́jú méjèèjì, àbí ẹ máa ní ká lọ síbòmíràn fún ọ̀kan?" Bó bá ní ẹ máa lọ síbòmíràn fún ọ̀kan, kò burú, kó ṣáà dárúkọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ní, "Ẹ mú un wá, ọ̀sẹ̀ méjì péré la máa fi lé e jáde lára rẹ̀," ẹ kí i pé ó ṣeun, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Níbo la ti fẹ́ rí olùtọ́jú? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ará Magboro tó bá gba Long Bridge dé Berger, tó sì wọ ọkọ̀ Yábàá, á dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti 1907; wọ́n ní ẹ̀ka fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Ará Mowe tó bá kọjú sí apá Ìbàdàn kò ní pẹ́ dé Ṣágámù, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti Fásitì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà. Ti ará Ifọ̀ ló tún rọrùn jù, nítorí ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta gan-an ló wà, ọkọ̀ tó sì ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ ló máa gbé e lọ sí ìlú tí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dáwọ́ lé ìrìn àjò kankan, ẹ yà sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò. Láti 2011 ni ilé ìwòsàn Aro ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ní ìpínlẹ̀ Ògùn bí wọ́n ṣe ń dá àìsàn ọpọlọ, wárápá àti àìsàn oògùn olóró mọ̀, kí wọ́n tọ́jú èyí tí kò le, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà fún èyí tó le. Kì í ṣe gbogbo sẹ́ńtà ló ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mátírọ́ọ̀nù: "Mà, ṣé ẹnì kan wà níbí tí Aro kọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Aro. Ní 1944, Láńtòrò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn sójà tó ti ogun àgbáyé kejì dé tí orí wọn dàrú. Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ló wá dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Aro ní 1954. Ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Aro kò tíì parí nígbà náà. Lámbò kò dúró de bẹ́ẹ̀dì: ó bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀, wọ́n fún àwọn aláìsàn ní yàrá. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú, kó sì mú un padà sí abúlé. Lámbò tún ń gbọ́ ti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà ń yínmú sí. Nígbà tó yá, òun ló di igbá-kejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO.

Ìbátan tó bá aláìsàn wá yẹn ni mo ń wá ní Magboro tí n kò rí. Gbogbo wa la wà ní Èkó láti ìdájí di alẹ́. Ìdí nìyí tó fi máa ń wu ènìyàn kó wá ilé kan tó máa "gbé e sọ síbẹ̀" fún oṣù mẹ́ta, kó san owó, kó lọ. Èmi kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, àyàfi bí dókítà bá sọ pé àìsàn náà gba kí wọ́n dá a dúró. Ìtọ́jú ọpọlọ àti ti oògùn olóró, àlọpadà ni: ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, oṣù tó ń bọ̀. Olùtọ́jú tí kò lórúkọ, tẹ́ ẹ lè padà lọ bá, sàn ju olórúkọ ńlá tẹ́ ẹ máa rí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ìwọ̀n ìsúnmọ́ pàápàá kì í ṣe ti máìlì. Bí ẹni tó máa sìn ín lọ bá ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ilé ìwòsàn LASUTH tó wà níbẹ̀ lè sún mọ́ wọn ju Ibafo lọ. Àwọn kan tún ń fi fóònù bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀. Èyí dára fún ẹni tó ti ń gbádùn, kò dára fún ẹni tí ọtí tàbí oògùn ń jáde lára rẹ̀ lọ́wọ́.

Kí ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ jókòó tì. Dókítà ọpọlọ ló lè kọ oògùn, tó sì lè gba ènìyàn síbùsùn. Sàíkọ́lọ́jìísìtì kì í kọ oògùn. Ọ̀rọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, ó ń bá ènìyàn wá ibi tí ìfẹ́ àtimu ti ń dìde àti ohun tó lè ṣe nígbà tó bá dìde. Nọ́ọ̀sì ọpọlọ àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ló sábà máa ń mọ ilé yín jù. Ìwé àṣẹ ni ẹ béèrè, ẹ má tijú: ìgbìmọ̀ MDCN ló ń forúkọ dókítà sílẹ̀. Ẹ béèrè owó káàdì, owó àyẹ̀wò, owó ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn, kì í ṣe àìgbọràn.

Ní oṣù Bélú 2019, ọlọ́pàá kó ẹni 259 tí wọ́n tì mọ́lé jáde ní ilé kan ní Òjòó, Ìbàdàn, níbi tí àwọn mọ̀lẹ́bí ti kó àwọn ènìyàn wọn lọ fún "àtúnṣe". Nítorí náà, ilé tí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ rí yàrá tí aláìsàn ń sùn, tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ wò, tàbí tí ẹ rí ṣẹ́ẹ̀nì níbẹ̀, ẹ jáde. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2023, tó rọ́pò òfin 1958, ti fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn wa yìí tún kún fún ilé àdúrà. Kí a gbàdúrà, kí a ṣáà má gbọ́ ti ẹni tó bá ní ká da oògùn dókítà nù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí ẹ̀mí ni. Ẹni tó ti ń mu ọtí gan-an lójoojúmọ́, tàbí tó ti ń lo Rohypnol fún ìgbà pípẹ́, ẹ má tì í mọ́ yàrá pé kó jáwọ́ lọ́jọ́ kan. Gìrì lè mú un, ó lè kú. Lábẹ́ ojú dókítà ni wọ́n ti ń dín in kù. Bó bá sì ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, 0800 1020 3040, wà fún ìmọ̀ràn. Mo mọ̀ pé orúkọ wọn ń ba ènìyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti mú ẹni tó pè ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀.

Báwo la ṣe ń sọ ọ́ fún ará ilé náà? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má sọ ọ́ lójú àlejò, ẹ má sọ ọ́ nígbà tó ti mu ún. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, kẹ́ ẹ fi "olóríburúkú" sílẹ̀: "Adé, mo rí i pé o kì í sùn mọ́, o sì ti ń jẹun díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ ká jọ lọ rí ẹnì kan lọ́jọ́ Sátidé." Ó lè kọ̀. Ẹ tún un sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lè lọ rí olùtọ́jú láì mú un dání, kó sọ fún yín bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ kó páálí àti ìgò gbogbo ohun tó ń lò dání, títí kan àgbo. Ẹ kọ ìgbà tí oorun rẹ̀ ti yí padà sílẹ̀, àti bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ní irú rẹ̀ rí. Ẹ tètè dé, nítorí ìlà káàdì máa ń gùn. Bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ jáde kóun bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, ẹ jáde, ẹ má bínú. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá, kí ẹni tó máa sìn ín lọ́jọ́ náà sì ti kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀.