Kòkòrò Tó Ń Jobì

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ máa kó ìkarahun ẹ́ńjìnnì rélùwéè àtijọ́ jọ, ìyẹn ara òde àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n ń fi ṣeré lórí tábìlì, kí ó ronú lórí òwe yìí kó tó fọwọ́ kan àpò.

Ní ọdún 1938 ni ilé-iṣẹ́ Meccano ní Binns Road, Liverpool, bẹ̀rẹ̀ sí í ta rélùwéè ìṣeré Hornby Dublo. Ẹ́ńjìnnì Sir Nigel Gresley wà lára àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mazak ni wọ́n fi da ìkarahun rẹ̀: síńkì ló pọ̀ jù nínú irin náà, wọ́n fi alumíníọ̀mù àti àwọn irin mìíràn díẹ̀ lú u. Bí síńkì ọ̀hún bá mọ́, irin náà á pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ. Ṣùgbọ́n bí òjé bíńtín bá kó wọ inú ìkòkò tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, wàhálà dé nìyẹn. Láti inú ni irin á ti máa jẹ ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Á wú, á tẹ̀, ojú ọ̀dà á sán wẹ́wẹ́, níkẹyìn á rún mọ́ni lọ́wọ́. Kò sí oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ní gúlúù tó lè dá a dúró, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn tí wọ́n dà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ló sì yẹ ká fura sí jù.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ búlúù tó ń dán gba ojú yín. Ẹ yí ìkarahun náà dojú dé, kí ẹ wo inú rẹ̀ níbi tí ọ̀dà kò dé. Ẹ gbé e lé ohun tó tẹ́jú, ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀. Èyí tó há mọ́ férémù abẹ́ rẹ̀ tí kò fẹ́ ṣí, ó ṣeé ṣe kó ti wú. Ẹ má fi ìbínú fà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Ike náà ní àrùn tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Princess Elizabeth tí ilé-iṣẹ́ Rovex ṣe ní 1950, ike acetate ni ìkarahun rẹ̀, ó sì máa ń súnkì, á ká kọrọdọ. Iná kò lè nà án padà.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀dà tí wọ́n kùn ún láti ilé-iṣẹ́, bó ti wù kó ṣá tó, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn olùkójọ ń sanwó fún. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ìkarahun tó pé, tí ẹnì kan ti bó láwọ̀ nítorí pé ó fẹ́ kó dà bíi tuntun. Èyí tí ọ̀dà ilé-iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ láti gbọn eruku tó o. Níbi àpatẹ ohun ìṣeré àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìkarahun tí kò ní mọ́tọ̀ mọ́, tí wọ́n ti fọ́ tàbí tí ẹlòmíràn ti kùn jákujàku, máa ń wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì. Onígbá ló pe igbá rẹ̀ ní pankara. Àwọn yẹn ni kí ẹ rà fi ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan irinṣẹ́, ẹ yan ọdún kan tí ẹ fẹ́ kí ìkarahun náà fara jọ. Sir Nigel Gresley gidi jáde ní 1937 pẹ̀lú nọ́ńbà 4498. Lẹ́yìn náà ó di 7. Lẹ́yìn tí ìjọba gba rélùwéè ní 1948, ó di 60007. Nígbà ogun ni wọ́n gé irin pẹlẹbẹ tó bo àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, kó lè rọrùn láti tún un ṣe. Bí ẹ bá kọ 60007 sára ìkarahun tí irin yẹn ṣì bò lẹ́sẹ̀, irọ́ lẹ kọ. Àmì kìnnìún tí rélùwéè ìjọba ń lò tẹ́lẹ̀ pàápàá, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 1956. Ẹ wá fọ́tò tó ní déètì, kí ẹ máa wò ó bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Láti bó ọ̀dà, ẹ má lo sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ lórí mazak, yóò jẹ ẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí acetone kan ike. Ọtí isopropyl dára fún ọ̀pọ̀ ike, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ inú. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà omi ni kí ẹ fi máa ha á, kí eruku má baà wọ ihò imú.

Ọ̀pá ìdìmú tí wọ́n dà mọ́ ara máa ń sanra jù. Ẹ fá a kúrò, ẹ fi dírìlì ọwọ́ lu ihò mílímítà 0.5, kí ẹ ki wáyà idẹ 0.45 bọ̀ ọ́. Òṣùwọ̀n 1:76 ni iṣẹ́ yìí: ọ̀dà tó nípọn tó mílímítà 0.1, lórí ẹ́ńjìnnì gidi ì bá ju mílímítà 7 lọ, gbogbo orí ríbẹ́ẹ̀tì ni yóò sì bò. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá máa kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí ojú rẹ̀ máa dán kí ẹ tó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á máa hàn funfun.

Tó bá parí, ẹ kọ ọ́ sí bébà kékeré pé ẹ ti tún un kùn, pẹ̀lú ọdún tí ẹ ṣe é, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìkarahun náà, kí ẹni tó bá máa rà á lẹ́yìn yín mọ ohun tó ń sanwó lé lórí.