Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Àlùkò Rwenzori Nínú Igbó Nyungwe

Ìnàkí ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wá lọ sí igbó Nyungwe, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Rùwáńdà. Wọ́n á rí ìnàkí, wọ́n á gun afárá orí igi tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010, wọ́n á sì gbọ̀nà Kigali lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi òwúrọ̀ méjì kún ìrìn yín nítorí ẹyẹ kan, àlùkò Rwenzori. Ìbátan agbe àti àlùkò tiwa ni, àmọ́ kò sí níbòmíràn láyé àfi lórí àwọn òkè tó wà ní ààlà Kóńgò pẹ̀lú Uganda, Rùwáńdà àti Burundi.

Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ dáadáa, torí ó mọ ewé sá sí. Ìyẹ́ àti ìrù rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró tó ń dán, àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé pẹ̀lú àmì osùn fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sì pọ́n. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ lè wà lábẹ́ igi rẹ̀ kí ẹ má rí i. Ìgbà tó bá na ìyẹ́ láti fò bọ́ sí igi mìíràn ni pupa fòò inú ìyẹ́ náà á yọ síta. Èròjà àwọ̀ gidi ni pupa yẹn, bàbà sì wà nínú rẹ̀. Ìdílé ẹyẹ yìí nìkan la mọ̀ tó ní irú èròjà bẹ́ẹ̀.

Kì í fò lọ jìnnà. Orí ẹ̀ka ló ti ń sáré kiri bí ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yí síwájú, ó sì lè yí sẹ́yìn. Èso ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, odidi ló sì ń gbé èso kéékèèké mì, tí á wá lọ ya hóró wọn sílẹ̀ níbòmíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé amọ̀nà yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: igi wo ló ń so báyìí? Ọ̀pọ̀tọ́ tó bá ti pọ́n ni kí ẹ lọ dúró tì láti àárọ̀ kùtù. Ẹni tó bá ń sáré láti ibì kan sí ibòmíràn kò ní rí nǹkan kan, àmọ́ ẹni tó bá dúró, tó dákẹ́, á gbọ́ igbe líle tí ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀, tí àwọn yòókù á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka tó ń mì ni kí ẹ máa wò.

Ibi gíga ló fẹ́ràn. Ìtòsí Uwinka, níbi tí afárá orí igi wà, dára láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè gun òkè Bigugu, tó ga tó 2,950 mítà, ọ̀nà ibẹ̀ sì dagun gan-an. Ní ìsàlẹ̀, lápá Gisakura, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìbátan rẹ̀ kan tó tóbi jù ú lọ, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró. Ìyẹn kò ní pupa nínú ìyẹ́, ẹ má ṣì í mú.

Ní ti ọ̀nà, ọkọ̀ tó ń lọ sí Rusizi láti gáréèjì Nyabugogo ní Kigali ń gba Huye kọjá, ó sì ń la inú igbó náà já. Ẹ fọkàn sí wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè wọ bàálù lọ sí Kamembe, ní Rusizi. Ọmọ Nàìjíríà, Benin tàbí Togo kì í sanwó físà fún ọgbọ̀n ọjọ́, àmọ́ ẹ mú yẹ́lò káàdì dání. Ẹ má di ẹrù sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, wọ́n ti fòfin dè é níbẹ̀ láti 2008.

Oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ ni ilẹ̀ gbẹ jù, síbẹ̀ òjò lè rọ̀ nígbàkígbà, òtútù òru ibẹ̀ kò sì jọ ti ilé wa rárá. Ẹ gbé súwẹ́tà, aṣọ òjò àti bàtà tó di ilẹ̀ mú. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, nítorí ìjàlọ àti èsìsì wà lójú ọ̀nà. Láìsí awò tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú, ìrìn yín kò ní fi bẹ́ẹ̀ lérè.

Bí ẹ bá rí ìyẹ́ pupa nílẹ̀, ẹ má mú un. Ọdún 2023 ni UNESCO fi igbó yìí kún àwọn ohun ìní àjogúnbá ayé, wọn kì í sì í gbà kí a mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń wọ àwọn ipa ọ̀nà igbó náà láìsí amọ̀nà. Ẹ bá ọ́fíìsì tó ń bójú tó igbó náà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ bèèrè iye owó ìwọlé torí ó máa ń yí padà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé amọ̀nà tó mọ ẹyẹ lẹ ń fẹ́. Ẹ má fi ìrìn-àjò sí òwúrọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù: iṣẹ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní Umuganda ni gbogbo ará Rùwáńdà ń ṣe nígbà náà, ọkọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rìn títí di aago mọ́kànlá.