Etí Ère Kì í Gbọ́ Oríkì

“Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.” Ẹnu ìyá àgbàlagbà kan ni mo ti gbọ́ òwe yìí níbi ìsìnkú Bàbá Tíṣà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ báwọn èèyàn ṣe ń gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ara wọn, tí kálukú ń ka oore tí Bàbá Tíṣà ṣe fún un.

Mo sọ tèmi náà. Àmọ́ láti bí ọdún méjì ni awò ojú Bàbá Tíṣà ti fọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe òmíràn, káwọn lè máa ka Bíbélì. Mo ní ó di ìparí oṣù. Ìparí oṣù dé, mo tún sún un síwájú. Nígbà tí wọ́n wá kú, owó aṣọ ẹbí tí mo san láàárọ̀ ọjọ́ kan tó awò ojú mẹ́ta rà, n kò sì ráhùn rárá.

Ère inú òwe yẹn kì í ṣe àfiwé lásán. Láyé àtijọ́, àwọn ará Ọ̀wọ̀ máa ń gbẹ́ ère kan tó ń jẹ́ àkó fún òkú ẹni ńlá. Ó máa ń tóbi tó èèyàn gan-an, wọ́n á gbẹ́ ojú rẹ̀ kó jọ ti olóògbé, wọ́n á sì fi aṣọ olówó iyebíye wọ̀ ọ́. Ọ̀wọ̀ ńlá nìyẹn jẹ́ fún òkú, n kò sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tó ń dùn mí ni pé etí ère kì í gbọ́ oríkì. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa sọ nídìí sàréè ẹnì kan, ẹ lọ bá a nínú pálọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ ọ́. Ojú á kọ́kọ́ tì yín. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Tiwa náà ń bọ̀, torí àwáyé-má-kú kò sí. Ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ dárúkọ ikú, àfi bí ẹni pé ìpè ló ń dúró dè. Ilé ni irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tú. Ọkùnrin ará Èkó kan kú ní 1940 láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín ogún náà, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀? Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1962 ni wọ́n dá a, ìdí-igi ló sì borí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí bàbá náà kú á ti di géndé.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilẹ̀ wo ló wà níbo, ta lẹ jẹ ní gbèsè, níbo lẹ fẹ́ kí wọ́n sin yín sí. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i níṣojú yín, kí wọ́n má sì jẹ́ ẹni tí ẹ há nǹkan fún.

“Ayé lọjà, ọ̀run nilé.” Àwọn kan ń tìtorí òwe yìí fojú tẹ́ńbẹ́lú ayé. Ọlọ́jà ni ìyá mi, n kò sì rí kí wọ́n ronú bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú lọ ló ń tètè ra ohun tó bá wá, tó sì ń bá oníbàárà rẹ̀ ṣeré kí wọ́n tó kó àtẹ kúrò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fóònù síwájú ìyá mi, mo ní kí wọ́n ki oríkì ilé wọn sínú rẹ̀. Wọ́n wojú mi. “Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé mo ti fẹ́ kú ni?”

Mo ní, “Rárá o, Màámi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ni.”

Wọ́n so gèlè wọn le, wọ́n ní kí n bu omi wá, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá ńlá wọn.