Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Bí Ìgbéyàwó Bá Tú, Kí Ọmọ Má Jìyà

Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè.

Ká ní obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irun ní Zone franche, nítòsí èbúté Lomé. Ó bí ọmọ méjì. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Owó oṣù rẹ̀ kò ju iye tó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀ ní ọdún 2023, èyíinì ni 52,500 fàráǹkì. Ó fẹ́ kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù owó agbẹjọ́rò ń bà á. Kí ni kí ó ṣe?

Àwọn àgbà sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àdéhùn ti wà kí ẹ tó dé kóòtù. Ìjà ni ó ń jẹ owó.

Òfin ẹbí ilẹ̀ Togo ti ọdún 2012 fún wa ní ọ̀nà tó rọrùn. Bí tọkọtaya bá fohùn ṣọ̀kan láti túká, adájọ́ lè tú wọn ká láì wá ẹni tó jẹ̀bi. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹni tó pe ẹjọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Nígbà náà ni ẹjọ́ ń pẹ́. Owó agbẹjọ́rò ń pọ̀ sí i, a sì ń pa ọjọ́ iṣẹ́ jẹ.

Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ kó ìwé jọ: ìwé ìgbéyàwó láti mairie, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ìwé owó oṣù.

2. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni àwọn ọmọ yóò wà? Ìgbà wo ni òbí kejì yóò máa rí wọn? Èló ni yóò máa san fún oúnjẹ, ilé-ìwé àti oògùn? Ta ni yóò máa gba owó ọmọ láti CNSS? Ire ọmọ ni òfin ọmọdé ti ọdún 2007 fi ṣáájú, òun náà ni adájọ́ yóò wò.

3. Bí owó kò bá sí, ẹ béèrè ní kóòtù nípa aide juridictionnelle. Òfin ọdún 2013 ni ó dá a sílẹ̀, kí aláìní lè rí ìrànlọ́wọ́ lórí owó ẹjọ́. Ẹgbẹ́ GF2D náà ti kọ́ àwọn parajuriste tí ń ṣàlàyé òfin fún àwọn obìnrin.

4. Ẹ má fi ìka tẹ ìwé tí ẹ kò kà. Bí Faransé rẹ̀ bá le, ẹ ní kí ẹni tí ẹ fọkàn tán kà á fún yín.

Bí ẹ kò bá ṣe ìgbéyàwó ní mairie ńkọ́? Ẹ̀tọ́ ọmọ kò parun. Ìwé ọjọ́ ìbí tí orúkọ bàbá wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀rí yín. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ọkọ àti aya lè túká. Bàbá àti ìyá kò lè túká lórí ọmọ.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ó ń mú kí ẹjọ́ wọ́nwó?
2. Ìwé mẹ́ta wo ni a ó kọ́kọ́ kó jọ?
3. Ẹ kọ gbólóhùn yìí, kí ẹ sì parí rẹ̀: “Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọ̀ọ̀kan, bàbá yóò san ……… fàráǹkì fún ………”