Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ọkọ̀ Òkun Wo Ló Bá Yín Mu fún Ìsinmi?

Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa béèrè fún ẹ̀yáwó. Ó ní òun fẹ́ bá ọmọ òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wọ ọkọ̀ òkun lọ gbafẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní kí ni àwa ará orí òkè ń wá lórí omi. Èmi kò rẹ́rìn-ín o, nítorí ìyá mìíràn láàárín wa ti lọ irú ìrìn àjò yìí ní ọdún méjì sẹ́yìn, ohun tí ojú rẹ̀ sì rí tó kí a fi kọ́ ara wa lẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọ ìyá yìí ló fẹ́ fi ṣe ọjọ́ ìbí 70 ọdún fún un. Ó wo ìwé ìpolówó, ó mú ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù. Ọkọ̀ ńlá ni, ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ sì ni. Yàrá tí wọ́n bọ́ sí kò ní fèrèsé, òkè orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń lu ìlù títí òru fi ń jìn. Nígbà tí wọ́n dé èbúté kan, ọkọ̀ kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ló ń kó èrò lọ sí ìlú, orúnkún ìyá kò sì jẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ó jókòó ní gbogbo ọjọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹrù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, wọ́n tún gbé ìwé owó mìíràn fún ọmọ rẹ̀, owó àwọn ìránṣẹ́, owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, owó íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá sọ fún mi pé, "Akọ̀wé, ọkọ̀ yẹn dára o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wa. Bí a bá dé gáréèjì ní Ìkàrẹ́, ẹni tó kó iṣu kò ní wá takisí, ẹni tó wọ aṣọ òde ìgbéyàwó kò sì ní gun orí ẹrù iṣu. A ti mọ ẹni tí a jẹ́ àti ohun tí a gbé kí a tó wo ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí òkun.

Láyé àtijọ́, kò sí ọ̀rọ̀ yíyàn púpọ̀. Àwọn bàbá wa tó lọ kàwé ní ìlú ọba wọ ọkọ̀ Elder Dempster. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aureol bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool àti Èkó ní 1951, ìrìn náà sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 1972 wọ́n gbé ìdíkọ̀ rẹ̀ láti Liverpool lọ sí Southampton, nígbà tó di 1974 ó kógbá sílé, torí ọkọ̀ òfuurufú ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wọ Aureol ń lọ síbì kan ni. Ọkọ̀ afẹ́ ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibi tí wọ́n ti gbéra ni wọ́n ń padà sí. Inú ọkọ̀ gan-an ni èèyàn ń lọ, ìdí nìyí tí ìwà ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì ju ìlú tó ń dé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ wá. Icon of the Seas, ti ilé iṣẹ́ Royal Caribbean, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2024. Ó lè gba èrò tó 7,600, láìka àwọn òṣìṣẹ́. Ìlú ni, kì í ṣe ọkọ̀! Ẹni tó ní àwọn ọmọ-ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ yóò gbádùn rẹ̀. Carnival náà, ọkọ̀ aláriwo àti eré ni. Ó ń gbéra ní Galveston, tí kò jìnnà sí Houston níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kó wo ibòmíràn. P&O Cruises ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ méjì, Arcadia àti Aurora, tí wọn kì í gba ọmọdé rárá. Viking kì í gba ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18, kò sì sí ilé tẹ́tẹ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Saga, àwọn tó ti lé ní 50 ọdún ló ń wá. Queen Mary 2 ti Cunard máa ń gba Southampton lọ sí New York ní òru méje, àwọn alẹ́ kan sì wà tí wọ́n ń múra bí ẹni ń lọ sóde ọba. (Ẹni tó bá ní aṣọ òkè àti gèlè, ẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò pé kí n sọ fún un.)

Opó tàbí ẹni tó ń dá lọ, kó fetí sílẹ̀. Ẹni méjì ni wọ́n fi ń ṣírò owó yàrá. Bí èèyàn bá dá wọ ọ́, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì lè jẹ́ tirẹ̀. Norwegian Epic, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ní yàrá 128 tí wọ́n ṣe fún ẹni kan ṣoṣo. Ẹ béèrè irú rẹ̀.

Owó tó wà lójú ìwé ìpolówó kì í ṣe gbogbo owó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà máa ń fi owó àwọn ìránṣẹ́ kún un lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ dọ́là 16 fún ẹnì kan, ẹni méjì fún ọjọ́ 7 yóò san dọ́là 224. P&O ní tirẹ̀ ti fagi lé owó yìí láti 2019. Ẹ kò rí i pé èyí tó dà bí ọ̀wọ́n lè wá dínwó ju èyí tó pọ́ọ́kú lọ?

Ọ̀rọ̀ físà ló le jù. Físà ìlú ọba nìkan kò tó bí ọkọ̀ bá máa yà sí Faransé tàbí Sípéènì. A ní láti gba físà Schengen, kí a sì wò ó bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gba wíwọlé tàbí ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí ọkọ̀ tó bá yà sí Mòrókò tó tún padà sí Sípéènì ti jáde, ó sì tún wọlé. Ní oṣù Keje 2025, Amẹ́ríkà sọ púpọ̀ nínú físà ìbẹ̀wò tó ń fún àwa ọmọ Nàìjíríà nígbà náà di ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé, etí èbúté ni wọn yóò ti dá a padà, owó rẹ̀ kì í sì í sábà padà.

Dókítà wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó ni. Ẹ gba ìbánigbófò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àpò ọwọ́ ni kí ẹ fi í sí, torí wọ́n máa ń gba àpótí lọ́wọ́ èrò, ó sì lè di alẹ́ kó tó dé yàrá.

Ní ti ẹ̀yáwó, èrò tèmi ni pé owó àjẹṣẹ́kù wà fún ọjà àti oko. Ẹni tó bá fẹ́ gbafẹ́, kó dá owó rẹ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń dá owó Kérésìmesì àti owó Iléyá. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò gbà pẹ̀lú mi, wọ́n ní ìyá náà ti san gbogbo gbèsè rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ láìjáfara, òótọ́ sì ni. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni a óò dá a. Mo ti ní kó béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ kó tó dìgbà náà: irú èrò wo ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, ṣé yàrá ní fèrèsé, ṣé ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí gbogbo èbúté, èló ni àròpọ̀ owó, àti físà mélòó. Ó ti kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé ìdókòwò rẹ̀.