Ẹ ka ìwé iṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Lẹ́yìn ìkórè, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Pobè àti Sakété máa ń wá iṣẹ́ olówó oṣù. Nígbà mìíràn, kì í ṣe ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbà wọ́n. Alágbàtà ló ń gbà wọ́n, tí ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́.

Ta wá ni ọ̀gá yín? Ilé iṣẹ́ ni yóò máa darí yín lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n alágbàtà tó bá yín fọwọ́ sí ìwé ni yóò san owó yín.

Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ má kàn tẹ̀ka. Ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Orúkọ alágbàtà àti ti ilé iṣẹ́.
2. Irú iṣẹ́ náà, àti ọjọ́ tí yóò parí.
3. Owó oṣù. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, òfin Benin ní kò gbọdọ̀ dín sí 52.000 fáráǹkì.
4. Nọ́ńbà CNSS yín. Nínú 1.000 fáráǹkì, 36 ni wọn ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ náà ń san tirẹ̀. CNSS ló ń ran ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́, àti ẹni tó ti darúgbó.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà kan, kí ẹ fi í pamọ́ sílé. Bí ẹ bá farapa, ẹ sọ fún alágbàtà àti ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè: Bí owó oṣù bá jẹ́ 52.000 fáráǹkì, èló ni wọn yóò yọ fún CNSS?
Ìdáhùn: 1.872 fáráǹkì.