Lọ́yà Wọn Kì í Ṣe Lọ́yà Rẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi lọ́yà, akọrin ni mí ní Okokomaiko, sítúdíò ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìyànà-Ìbà ni mo ti ń ká orin mi sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan rí fídíò mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, pé lọ́yà tiwọn yóò dúró fún tọ̀tún-tòsì. Owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan. Ṣé dandan ni kí n wá tèmi?

ÌDÁHÙN: Dandan ni, àbúrò mi. Ẹni tó ń sanwó fún lọ́yà ni lọ́yà ń gbọ́ tirẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó. Kánjúkánjú ọjọ́ Ẹtì yẹn náà ń kọ mí lóminú. Sọ fún wọn pé o fẹ́ kí ẹnìkan bá ọ yẹ ìwé náà wò. Bí wọ́n bá torí ìyẹn bínú, wọ́n ti ṣe ọ́ lóore.

Láyé kásẹ́ẹ̀tì àti CD, akọrin á gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà Alábà wa níbí, oníṣòwò á kówó lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí nìyẹn. Lónìí, orin kan lè máa pawó díẹ̀díẹ̀ lórí áàpù orin bíi Boomplay fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, má jẹ́ kí owó àkọ́gbà wọ̀ ọ́ lójú jù. Ohun tí lọ́yà rẹ yóò kọ́kọ́ wá ni ẹni tí yóò ni orin náà, àti fún ọdún mélòó. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (Copyright Act) ti ọdún 2022 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ orin rẹ̀ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣe é lákọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bírò rẹ ló lè gbé e lọ.

Kí lọ́yà rẹ tún wo ìnáwó. Owó fídíò, aṣọ àti ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ń ná bí ẹni ń tọ́jú rẹ, inú ìpín rẹ ni wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ kó tó kàn ọ́.

Ọ̀nà tí o lè gbà jáde nínú àdéhùn náà ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó dá akọrin Brymo dúró láti gbé orin jáde nígbà tí òun àti ilé-iṣẹ́ orin Chocolate City ń fa ọ̀rọ̀ àdéhùn. Ọdún 2014 ni wọ́n tó mú àṣẹ náà kúrò. King Sunny Adé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ orin African Songs náà ti bára wọn dé kóòtù láàárín àwọn ọdún 1970. Ìràwọ̀ nìwọ̀nyẹn o, wọ́n lówó ẹjọ́.

Ní ti owó lọ́yà, kò pọn dandan kó o gba lọ́yà tí yóò máa bá ọ kiri. Sọ pé ìwé kan ni kó bá ọ kà, kẹ́ ẹ sì fẹnu kò lórí iye rẹ̀ ṣáájú. Àwọn lọ́yà tó jáde ní LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, pọ̀ ládùúgbò yín, béèrè. Àmọ́ ẹni tó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ Bàdágìrì dunjú lè má mọ ti orin, nítorí náà bi í pé irú ìwé àdéhùn akọrin wo ló ti yẹ̀ wò rí. Bó bá ní kó o máa fún òun ní ìdá kan nínú gbogbo owó tó bá wọlé fún ọ, wá ẹlòmíràn.

Kó o tó lọ, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ onísítúdíò ẹ jókòó, kẹ́ ẹ kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀ lórí orin kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì jọ fọwọ́ sí i. Torí ilé-iṣẹ́ yẹn máa ní kó o búra pé ìwọ nìkan lo ni àwọn orin náà.